Ẹjọ́ ta ko òfin EFCC àti ICPC: ta ló lè pè é, kóòtù wo, kí ló sì fa ìyàtọ̀ láàrin 2002 àti 2024?

Akọ̀wé_Ọ̀wọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin dunjú. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ẹjọ́ tí Kogí àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn pè ta ko òfin tó dá EFCC (àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ọrọ̀-ajé àti ìnáwó) sílẹ̀ nù. Orúkọ Oǹdó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ wà nínú ẹjọ́ náà. Oǹdó yìí kan náà ló ti gbé òfin ICPC (àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́) lọ sí kóòtù kan náà rí, tí ìdájọ́ jáde ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2002. Nígbà yẹn, wọ́n rí abala méjì gé kúrò nínú òfin náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ òfo ni wọ́n fi lọ sílé.

Kí ló fà á? Bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sì tún ọ̀kan nínú òfin wọ̀nyí ṣe lọ́la, tí àtúnṣe náà tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀, tàbí tó jẹ́ pé ńṣe ló ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́, kóòtù wo ni kó lọ? Àwọn ẹjọ́ ìwà ìbàjẹ́ tó ti wà níwájú adájọ́ ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn máa wó lulẹ̀ ni bí kóòtù bá fagi lé abala kan?

Ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń tọ́pa owó ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ìbéèrè yìí. Owó tó wà lọ́wọ́ kò tó ẹjọ́ méjì. Ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ la ò fẹ́ pè.

Lọ́yà_Àkúrẹ́

Ohun tí olùpẹjọ́ nawọ́ sí ló fa ìyàtọ̀.

Ohun tí Oǹdó kọ́kọ́ bèèrè ní 2002 pọ̀ jọjọ. Wọ́n ní òfin ICPC tí Ààrẹ Obasanjo buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2000 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní Oǹdó rárá, pé ìpínlẹ̀ ló ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, pé Àbújá ti ré kọjá ààlà. Èyí kò wọlé. Abala 15(5) inú Ìwé Òfin 1999 ló ní kí ìjọba fòpin sí ìwà ìbàjẹ́ àti àṣìlò agbára. Òótọ́ ni pé Orí Kejì, ibi tí àwọn ìlànà tó yẹ kó máa darí ìjọba wà, ni abala yẹn wà, abala 6(6)(c) kò sì jẹ́ kéèyàn fi Orí Kejì nìkan gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo nọ́ńbà 60(a) nínú àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ lágbára láti dá àjọ sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà tàbí apá kan rẹ̀, kí àjọ náà lè mú àwọn ìlànà Orí Kejì ṣẹ. Kóòtù so 15(5) mọ́ 60(a), òfin ICPC sì dúró.

Ìgbà tí wọ́n wá tú òfin náà palẹ̀ ní abala-abala ni méjì já bọ́.

Àkọ́kọ́ ni 26(3), tó ní kí ìgbẹ́jọ́ parí kí ìdájọ́ sì jáde láàrin 90 ọjọ́ iṣẹ́. Ó dùn létí, nítorí gbogbo wa la mọ bí ẹjọ́ owó ìlú ṣe ń pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ aṣòfin kò lè dá ọjọ́ tí adájọ́ gbọ́dọ̀ parí ẹjọ́ fún un. Abala 6 ti gbé agbára ìdájọ́ lé kóòtù lọ́wọ́. Èkejì ni abala 35, tó fún àjọ náà láyè láti mú ẹni tí wọ́n fìwé pè tí kò yọjú, kí wọ́n sì tì í mọ́lé títí yóò fi ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Wọn ò dá ọjọ́ sí i, wọn ò sì sọ pé kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́. Abala 35 inú Ìwé Òfin (nọ́ńbà wọn kàn bára mu ni) kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kan ni bí kóòtù bá wà láàrin 40 kìlómítà, ọjọ́ méjì bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí kóòtù fúnra rẹ̀ bá rí ìdí láti fi kún un.

Wọ́n gé méjèèjì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Abala 1(3) ni wọ́n dúró lé: òfin tó bá ta ko Ìwé Òfin, ibi tó ti ta kò ó nìkan ló di asán.

Ní 2024, ìdí igi ni wọ́n gbé àáké lọ. Gbọ̀ngbọ̀n ẹjọ́ náà ni pé òfin EFCC kò ju àdéhùn Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìwà ìbàjẹ́ lọ, tí wọ́n sọ di òfin ilé. Pé abala 12(3) sì ní irú àbádòfin bẹ́ẹ̀ kò lè di òfin àfi bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ 36 la ní, nítorí náà 19 ni. Wọ́n ní kò sí 19 tó fọwọ́ sí i rí. Àwọn adájọ́ méje tó jókòó, tí Adájọ́ Uwani Abba-Aji ṣaájú wọn, fohùn ṣọ̀kan dà á nù. Wọ́n ní òfin EFCC kì í ṣe irú àdéhùn tó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọjá, pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ní agbára láti ṣe é, àti pé ìpínlẹ̀ kankan kò lè ṣòfin tó ta ko tiwọn lórí ọ̀rọ̀ náà.

Pẹ̀lú ìdájọ́ 2002 tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún 22, kò sí bí ẹni tó fẹ́ wó odindi ilé ṣe máa rí i wó. Ẹni tó bá mú abala kan ṣoṣo, tó fi abala Ìwé Òfin kan ṣoṣo dojú kọ ọ́, ni kóòtù máa ń gbọ́.

Ìyá_Kóòtù

Lọ́yà, ẹ ṣeun. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí 2002 láìkù síbì kan. Ṣùgbọ́n ti 2024 kì í ṣe pé wọ́n kàn fọ́jú lọ síbẹ̀, ó sì yẹ kí akọ̀wé mọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbá mú.

Ẹjọ́ Nwobike ni. Ní oṣù kejìlá 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá agbẹjọ́rò àgbà kan sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀sùn tí EFCC fi kàn án, ìyẹn ìgbìyànjú láti yí ọwọ́ ìdájọ́ po lábẹ́ òfin Èkó, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn ti ọrọ̀-ajé àti ìnáwó. Agbára EFCC kò dé ibẹ̀. Nínú ìdájọ́ yẹn ni gbólóhùn kan ti wà tó ní àdéhùn Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n sọ di òfin EFCC. Gbólóhùn yìí ni àwọn agbẹjọ́rò Kogí gbé sórí wá. Wọ́n ní: bí kóòtù yín bá ti sọ pé àdéhùn ni, ó yẹ kí 12(3) ti dè é.

Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ lọ́nà, kí ó tó dé ibi tó ń lọ, yàtọ̀ sí ìdí tó fi dá ẹjọ́. Ìdí ẹjọ́ Nwobike ni ìwọ̀n agbára EFCC. Ọ̀rọ̀ àdéhùn yẹn kàn tẹ̀ lé e ni. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ìdájọ́ kan dání lọ sí kóòtù, ẹ bi ara yín pé: bí wọ́n bá yọ gbólóhùn yìí kúrò, ṣé ìdájọ́ náà máa yí padà? Bí kò bá ní yí padà, ẹ má fi ṣe òpó ilé.

Ọjọ́ inú ìwé náà kò tiẹ̀ bá wọn lọ. Ẹ fi ojú ara yín wò ó:

Òfin EFCC àkọ́kọ́: oṣù kejìlá 2002.
Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àdéhùn náà wọlé: 31 oṣù kẹwàá 2003.
Nàìjíríà buwọ́ lù ú: 9 oṣù kejìlá 2003.
Òfin EFCC tí à ń lò báyìí, tó rọ́pò ti 2002: oṣù kẹfà 2004.
Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ú pé àdéhùn náà de òun: 14 oṣù kejìlá 2004.

Ọmọ kò lè dáyé ṣáájú ìyá tó bí i. EFCC ti ń ṣiṣẹ́ láti 2003 kí àdéhùn náà tó wà rárá.

Ohun tó wúlò fún ẹgbẹ́ yín nínú ẹjọ́ Nwobike ni apá tí kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀: bí EFCC bá mú ènìyàn fún ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó, ẹ lè ta ko agbára wọn láì fọwọ́ kan òfin náà rárá.

Alágbàwí_Ìbàdàn

Mo fẹ́ dáhùn apá "ta ló lè pẹjọ́, kóòtù wo", torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ tó dára ti máa ń kú.

Bó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ ló ń bá ìjọba àpapọ̀ jà, abala 232(1) ni. Tààrà sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, kò gba ilé-ẹjọ́ kékeré kọjá. Kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ló ń pè é, Mínísítà ètò ìdájọ́ àpapọ̀ ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Adájọ́ méje gbọ́dọ̀ jókòó (abala 234). Márùn-ún kò tó. Ní 2002, Oǹdó kó ìpínlẹ̀ 35 yòókù mọ́ olùjẹ́jọ́ nítorí ìdájọ́ náà máa kan gbogbo wọn.

Ẹ ṣọ́ra lórí ẹni tí ẹ pè. 232 wà fún ìjà láàrin ìpínlẹ̀ àti Ìjọba Àpapọ̀, kò sí fún ìpínlẹ̀ àti àjọ ìjọba. Kánò gbé ọ̀rọ̀ Hisbah (ẹ̀ṣọ́ tó ń rí sí òfin Sharia níbẹ̀) lọ síbẹ̀, kóòtù sì sọ ní 2007 pé ọ̀gá ọlọ́pàá ni wọ́n ń bá jà, kì í ṣe Ìjọba Àpapọ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ pin sí. Ní 2024, Mínísítà gbìyànjú àtakò tó jọ èyí, kò bọ́ sí i, torí òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè, kì í ṣe EFCC tàbí NFIU (ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ bí owó ṣe ń wọlé-jáde).

Àwọn olùpẹjọ́ pẹ̀lú ara wọn náà máa ń dá ẹjọ́ láàmú. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ti Kogí, 22 oṣù kẹwàá 2024, Anambra, Ebonyi àti Adamawa yọ ara wọn kúrò, Ọ̀ṣun, Ímò àti Bauchi sì ń wọlé. Kò dára kí adájọ́ rí i pé àwọn tó ní ìyà ń jẹ àwọn pa pọ̀ ń sá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ìpínlẹ̀, nítorí náà 232 kò kàn yín. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀.

Bí àtúnṣe náà bá tẹ ẹ̀tọ́ inú Orí Kẹrin mọ́lẹ̀ (òmìnira, ìgbẹ́jọ́ òdodo, dúkìá), abala 46 ni, pẹ̀lú ìlànà ìgbẹ́jọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009. Ìwé mẹ́ta lẹ máa fi sílẹ̀ pa pọ̀: ìwé tó sọ ẹni tó ń bèèrè, ohun tó ń bèèrè àti ìdí rẹ̀, ìwé ìbúra tó to òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, àti àlàyé òfin. Ọjọ́ 5 ni olùjẹ́jọ́ ní láti fèsì, ọjọ́ 5 mìíràn lẹ ní láti dá a lóhùn. Ìlànà yìí sọ ọ́ kedere pé kóòtù kò gbọ́dọ̀ lé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ jáde torí pé ẹni tó pè é kọ́ ni wọ́n fìyà jẹ, kò sì sí iye ọjọ́ tó lè kọjá kí ẹjọ́ tó kú.

Ohun tó ń pa irú ẹjọ́ yìí ni pé ẹ̀tọ́ kọ́ ni olórí ohun tí wọ́n bèèrè. Bí ohun mẹ́fà bá wà nínú ìwé yín, tí márùn-ún jẹ́ pé Àbújá kò lágbára láti ṣòfin náà, tí ẹ wá fi ọ̀kan tó kan òmìnira bọ ìdí rẹ̀, kóòtù máa sọ pé ọ̀nà tí ẹ gbà kọ́ nìyí. Èkejì ni kí ẹ lọ bẹ kóòtù kí ó dá EFCC dúró láti má ṣe ìwádìí rárá. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ ọ́ láti 2005 nínú ẹjọ́ Anambra pé kò sí ẹni tí kóòtù máa bo lórí kí wọ́n má wádìí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá kan Orí Kẹrin, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni, lábẹ́ 251(1)(q) àti (r). Tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní "kí ló kàn yín níbẹ̀?" Láti ìgbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ fún ẹgbẹ́ kan tó pe NNPC lẹ́jọ́ lórí epo tó dà, ní oṣù keje 2018, ẹgbẹ́ tó ń jà fún aráàlú ti ní àyè tó gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ so iṣẹ́ ẹgbẹ́ yín mọ́ ọ̀rọ̀ náà: ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé ìlànà ẹgbẹ́, ìròyìn tí ẹ ti tẹ̀ jáde. Ẹni tó fẹnu lásán sọ pé òun ń tọ́pa owó ìlú yàtọ̀ sí ẹni tó gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Àbádòfin kọ́ ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́ o. Ẹ dúró kí ó di òfin. Bó bá wá jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é lẹ ń bá jà, abala 58 ni kí ẹ kà: Ààrẹ ní ọjọ́ 30; bí kò bá buwọ́ lù ú, ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ tún un gbé kalẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fọwọ́ sí i. Ní 2003, wọ́n ṣe òfin tuntun láti fi rọ́pò òfin ICPC ti 2000 láìsí ìbuwọ́lù Ààrẹ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá fagi lé e. Ìdí nìyẹn tí òfin 2000 fi wà títí dòní. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé, tí akọ̀wé ilé fi òǹtẹ̀ lù pé òtítọ́ ni. Ohun tí ìwé ìròyìn gbé jáde kò tó láti fi mú un.

Ìyá_Kóòtù

Lórí àwọn ẹjọ́ tó wà nílẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ACJA 2015, òfin tó ń darí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn.

Abala 396(7) òfin yẹn ní kí adájọ́ tí wọ́n gbé lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn padà wá parí ẹjọ́ ọ̀daràn tó ti bẹ̀rẹ̀. Ète rẹ̀ dára: bí adájọ́ bá kúrò, ẹjọ́ a tún bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè, àwọn ẹlẹ́rìí a ti kú, àwọn mìíràn a ti kó kúrò nílùú. Lábẹ́ abala yìí ni adájọ́ kan ti parí ẹjọ́ gómìnà Ábíà àná, Orji Uzor Kalu, ní 5 oṣù kejìlá 2019, tó sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 12. Ní 8 oṣù karùn-ún 2020, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní abala náà ta ko Ìwé Òfin. Ẹni tó ti di adájọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kì í ṣe adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ mọ́, aṣòfin kò sì lè jókòó rẹ̀ sórí àga méjì. Ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ di asán. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbọ́.

Ibi tó tún le sí ni pé Udeogu, olùdarí ètò ìnáwó Ábíà nígbà kan, ló pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá ka àṣẹ àtúngbọ́ náà, ó ní kò dárúkọ Kalu, EFCC kò sì lè gbé e padà wá. Ó dùn mí títí dòní. Owó tí wọ́n ń sọ lé bílíọ̀nù méje náírà. Ìdí ẹ̀bi tàbí àìjẹ̀bi kọ́ ni kóòtù gbé yẹ̀ wò, àga tí adájọ́ jókòó lé ni.

Bí kóòtù bá wá gé abala tó kan ọ̀nà ìgbẹ́jọ́, ẹ bi ara yín pé: ṣé abala yìí ló fún kóòtù lẹ́sẹ̀? Bó bá jẹ́ òun ni, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ lé e máa wó. Bí kì í bá ṣe òun, ẹjọ́ á máa lọ. Gígé 26(3) inú òfin ICPC kò pa ẹjọ́ kankan. Kódà ó gbà wọ́n là, torí kò sẹ́ni tó lè sọ mọ́ pé 90 ọjọ́ ti kọjá, ẹ dá mi sílẹ̀. Abala 306 inú ACJA, tó ní kí kóòtù má dá ìgbẹ́jọ́ dúró torí kòtẹ́milọ́rùn àárín ọ̀nà, yè nígbà tí wọ́n gbé e dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní oṣù kẹfà 2017.

Fífagi lé òfin ní kóòtù sì yàtọ̀ sí kí aṣòfin fúnra wọn pa òfin àtijọ́ rẹ́. Bó bá jẹ́ pé òfin tuntun ló rọ́pò ti àtijọ́, abala 6 inú òfin ìtumọ̀ òfin (Interpretation Act) ń dáàbò bo ẹjọ́ àti ìwádìí tó ti bẹ̀rẹ̀. Abala 36(8) inú Ìwé Òfin ò sì jẹ́ kí ìyà tuntun tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí ẹni tó ṣẹ̀ kí òfin tuntun tó dé.

Lọ́yà_Àkúrẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun fún ti Nwobike. Mo fara mọ́ ọn, mi ò ṣe dáadáa sí àwọn tó pẹjọ́ ní 2024.

Kí n fi kan kún un, nítorí ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: gbígba dúkìá láìsí pé wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Abala 17 inú òfin 419 ti 2006, ìyẹn òfin tó ta ko fífi ẹ̀tàn gba owó, ni EFCC máa ń lò. Àwọn tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ wọn ní ó ta ko abala 36, pé ẹni tí kò jẹ̀bi ni wọ́n ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kò gbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹta 2019. Dúkìá ni wọ́n pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ènìyàn. Ẹ má lọ fi owó yín gbé èyí lọ síbẹ̀ mọ́.

Sísọ pé kí báǹkì ti àkáǹtì ènìyàn pa, láìgba àṣẹ kóòtù, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ nínú ẹjọ́ GTBank àti Adedamola pé EFCC kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, báǹkì tó bá sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu lásán ló máa jìyà rẹ̀.

Akọ̀wé_Ọ̀wọ̀

Ẹ kú làálàá, gbogbo yín. Ó yé mi báyìí. Ìbéèrè kan ló kù. Ìlànà NFIU tó bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù kẹfà 2019, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gba ju ₦500,000 lọ lójúmọ́: ìyẹn kì í ṣe òfin, ìlànà ni. Ká ní wọ́n yí i padà, tí wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ṣé a lè bá ìlànà nìkan jà? Ṣé ìdájọ́ 2024 kò sì ti dènà wa báyìí? Ẹnìkan sọ fún wa pé ká pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé e.

Alágbàwí_Ìbàdàn

Kò sí kòtẹ́milọ́rùn lórí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Abala 235 ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Àwọn fúnra wọn nìkan ló lè yí ọ̀rọ̀ wọn padà, tàbí kí wọ́n tún Ìwé Òfin ṣe: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Ẹ má da 24 yìí pọ̀ mọ́ 19 tí Lọ́yà sọ. Ti àdéhùn àgbáyé ni 19, ti ìyí Ìwé Òfin padà ni 24.

Ẹ lè bá ìlànà nìkan jà, ó sì rọrùn ju òfin lọ. Iṣẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ ni ìlànà, nítorí náà Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ohun tí kóòtù sọ ní 2024 nípa ìlànà NFIU ni pé ó fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ni, kò gba àkóso owó mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ohun ìjà fún ara yín bí wọ́n bá fẹ́ mú òdiwọ̀n náà kúrò. Ẹ tún gbé ìdájọ́ 11 oṣù keje 2024 dání, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí ọwọ́ wọn tààrà.

Ọjọ́ ló máa ń pa ẹjọ́ ìlànà. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò iṣẹ́ àjọ lẹ bèèrè fún, oṣù mẹ́ta péré lẹ ní láti ọjọ́ tí ìlànà náà jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ adájọ́ kí ẹ tó lè pè é. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba náà oṣù mẹ́ta ló fún yín. Ọjọ́ tí ìlànà bá jáde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí kà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ kọ ìwé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 sí NFIU àti sí ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ ń tọ́pa: ẹ bèèrè ẹ̀dà ìlànà náà, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti iye tí wọ́n fọwọ́ gbà ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 lẹ ní láti gbé e lọ sí kóòtù. Ìjọba ìbílẹ̀ lè sọ pé òfin yẹn kò de àwọn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé gbogbo ẹ̀ka ìjọba ló dè. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba ìwé náà buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i, torí ọjọ́ yẹn ni kóòtù máa kọ́kọ́ bèèrè.